Kí Ẹ Tó Ní Kí Wọ́n Fọ́máàtì Kọ̀ǹpútà Yín

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́, tí ẹ ń tẹ ìwé oníbàárà lọ́wọ́ bí ẹ ti ń gbọ́ mi yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, agogo mẹ́jọ ti kọjá, ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Sápọ́n, ní Abẹ́òkúta níbí, pè mí. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Àìsùn òkú lọ́la, ìsìnkú lọ́túnla, oríkì bàbá tí mo tẹ̀ sínú ìwé ètò ti bàjẹ́ pátápátá.” Mo gun ọ̀kadà, mo lọ bá a. Nígbà tó ṣí ojúewé kejì hàn mí, mo rí ohun tó fẹ́ pa á lẹ́kún. Níbi tí “ọmọ” yẹ kó wà, àmì owó pọ́n-ùn méjì ló wà níbẹ̀, tí lẹ́tà m kan há sáàrin wọn: £m£. “Ẹṣin” ti di ¥§in. Ojúewé mẹ́rin ni, báyìí ni gbogbo rẹ̀ rí láti òkè délẹ̀. Àwọn àgbà ilé olókùú ló jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí wọ́n ń pe oríkì orílẹ̀ náà fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí òun náà ń tẹ̀ ẹ́ bó ti ń bọ́ lẹ́nu wọn. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sì ti padà sí oko.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kan péré ṣáájú, ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sọ pé update ti dé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì pé kó máa bọ̀. Ó dé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n mú iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà yẹn ti kú tipẹ́, wáyà nìkan ló fi ń mí. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ tàn, ó ní òun ń dá àtúnṣe tí òun ti ṣe padà, ó wá ń yí, ó ń yí. Wọ́n dúró fún ogún ìṣẹ́jú, ara wọn kò gbà á mọ́, wọ́n fa wáyà yọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá pe ẹnjiníà kan ládùúgbò. Ẹnjiníà wò ó fìrí, ó ní, “Fáírọ́ọ̀sì ni. A máa fọ́máàtì ẹ̀.” Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbowó, Windows tuntun ti wà lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń sáré bí ẹṣin. Inú màmá dùn. Ìwé ètò ìsìnkú wà lórí fíláàṣì, kò bá a lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí ni fọ́ǹtì tí ó fi ń tẹ Yorùbá, èyí tó jẹ́ pé inú Windows àtijọ́ nìkan ló ń gbé.

Ọ̀rọ̀ fọ́máàtì yìí ló gbé mi wá síwájú yín lónìí. Ní Abẹ́òkúta níbí, a ti sọ ọ́ di gbogboǹṣe. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò dáhùn lẹ́yìn update, fọ́máàtì. Kò gbóhùn jáde mọ́, fọ́máàtì. Ó ń falẹ̀, fọ́máàtì. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń ti Alábàtà àti Òjéré gbé lápútọ́ọ̀pù wá bá mi máa ń ti ojú ọ̀nà béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ ń fọ́máàtì?” Wọn kò tí ì sọ ohun tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àṣekágbá ọdún mẹ́rin wà nínú ẹ̀rọ náà. Fọ́máàtì a máa nu ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń nu ipasẹ̀ olè mọ́ ilẹ̀. Ẹ ò ní mọ ohun tó wọlé, ẹ ò ní mọ ibi tó gbà, bó bá tún dé lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ó tún sanwó.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Windows ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń gbọ́ ohun tí ìka wa ń tẹ̀, òun ló ń rán ìwé lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun ló mọ àpótí tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn tó ṣe é ń rí àléébù nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń fi àtúnṣe ránṣẹ́. Àtúnṣe yẹn ni àwọn atúmọ̀ èdè ń pè ní ìmúdójúìwọ̀n. Ohun tí ẹ ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù ni èmi náà ó máa pè é: update. Láti ọdún 2003 ni Microsoft ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Bí ó bá jáde ní òwúrọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí agogo mẹ́fà tàbí méje ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá fi íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ni yóò jí bá update lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Bó ṣe bá màmá Sápọ́n nìyẹn.

Àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn wọn báyìí pé, ṣebí kéèyàn kúkú pa update ọ̀hún ni. Mo mọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ti pa á láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ má ṣe é. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ tó dí ihò kan nínú Windows. Ọ̀pọ̀ kò gbà á. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, kò tíì pé oṣù méjì, ètò aburú tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò kan náà wọlé káàkiri ayé, ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè owó ìràpadà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé. Àtúnṣe tó yẹ kó gbà wọ́n ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ti ilé tiwa sì súnmọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ẹ rántí ìdánwò àṣewọlé ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àjọ JAMB ṣe lọ́dún 2025. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà náà, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, dúró níwájú àwọn oníròyìn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọmọ 379,997, ní ibùdó 157, ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, ni yóò ní àǹfààní láti tún ìdánwò ṣe, nítorí àbùkù wà nínú èsì tí wọ́n gbà. Update tí wọn kò fi sórí gbogbo ẹ̀rọ ló fà á. Ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun kan tó ń da ètò ìdáhùn rú, kí ọmọ méjì tó jókòó ti ara wọn má baà lè wo ara wọn. Ó gba kí wọ́n fi àtúnṣe sórí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń gba ìdáhùn àwọn ọmọ. Wọ́n fi sórí àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ka Kàdúná. Wọn kò fi sórí ti ẹ̀ka Èkó, èyí tó ń sin Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ kàwé, ó dáhùn, ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè tuntun ń fún un ní máàkì tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹni tó kíyè sí i kí èsì tó jáde.

Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo wa, ó yẹ kó dùn wá. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mo ń tọ́ka sí fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n kó àwọn onímọ̀ jọ, wọ́n sì lọ wo ẹ̀rọ wo ló gba àtúnṣe, èwo ni kò gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè dárúkọ ibùdó 157, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìdánwò ní ọjọ́ 16, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà. Àkọsílẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ká ní ẹnìkan ti sáré nu àwọn ẹ̀rọ ọ̀hún mọ́ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, èmi kò rí bí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe mọ ọmọ tí wọ́n fi máàkì rẹ̀ dù ú àti èyí tí wọn kò fi tirẹ̀ dù ú.

Ẹ̀yin onítẹ̀wé, tiyín rèé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2021, update kan jáde fún Windows 10. Bí èèyàn bá ti ní kí kọ̀ǹpútà tẹ ìwé jáde lórí irú àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, kíá ni ojú kọ̀ǹpútà yóò di búlúù, tí yóò ṣubú lulẹ̀. Káàkiri ayé ló ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni Microsoft fi àtúnṣe àtúnṣe náà ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà. Ẹni tó yọ update yẹn kúrò fúnra rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ láàrin ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó fọ́máàtì, Windows tuntun rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tún fa update kan náà wálé, ẹ̀rọ tún ṣubú.

Bí a ṣe ń yọ ọ́ kúrò nìyí. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Windows Update, ẹ wo Update history. Gbogbo ohun tó wọlé wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KB. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá mú un tọ ẹnjiníà tó mọṣẹ́ lọ, ẹ ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́. Lórí ojúewé kan náà ni ẹ ó ti rí Uninstall updates. Bó bá jẹ́ update ńlá tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tó ń yí Windows padà pátápátá, abẹ́ Recovery ni ẹ ó ti rí Go back. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni Windows ń fi àyè ìyẹn sílẹ̀. Bí mẹ́wàá bá pé, á da Windows àtijọ́ nù. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ẹ ó fara dà á wò títí di òpin oṣù.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá wá tàn rárá ńkọ́? Bó bá ń sọ pé òun ń dá àtúnṣe padà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi wákàtí méjì sí i, kódà mẹ́ta, pàápàá bí ẹ̀rọ bá ti gbó. Ogún ìṣẹ́jú tí màmá fún un kéré jù. Bó bá wá di pé ó ń yí láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ di bọ́tìnnì ìtanná mú títí yóò fi kú, ẹ tàn án, bó bá ti fẹ́ máa yí, ẹ tún pa á. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, Windows fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, yóò sì ṣí ojúewé ìtọ́jú kan. Níbẹ̀, ẹ wọ Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options, ẹ ó rí Uninstall Updates. Mo lè fi ọwọ́ sọ́yà pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá fún mi láti fọ́máàtì, ibí yìí ni mo ti bá wọn parí ọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ojúewé búlúù mìíràn tó ń béèrè nọ́ńbà gígùn kan, ẹyọ 48. BitLocker ló ń béèrè, ìyẹn àgádágodo tí Windows fi ń ti àpótí fáìlì pa kí olè má baà rí inú rẹ̀. Update oṣù Keje ọdún 2024 mú kó yọjú sí ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé àgádágodo wà nílé wọn. Bó bá jẹ́ pé ímeèlì yín ni ẹ fi wọ Windows nígbà tí ẹ rà á, ó ṣeé ṣe kí kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àkáǹtì Microsoft yín. Ẹ gba orí fóònù wọlé sí i, ẹ wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ẹ̀rọ náà kí ẹ tó wò ó.

Bó bá wá di kàráǹgídá, tí kò sí ohun tó kù ju fọ́máàtì lọ, kí ẹnjiníà yọ àpótí fáìlì náà, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kó kó ohun yín síbòmíràn kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ dúró tì í. Ẹ ní kó kó Documents, kó kó Desktop, kó kó Downloads, níbi tí gbogbo wa ń ju nǹkan sí. Kí ó kó àpótí Fonts pẹ̀lú. Ẹnjiníà tí kò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ gbé ẹ̀rọ yín kúrò níwájú rẹ̀.

Àmọ́ ohun tó ń ba update jẹ́ lọ́dọ̀ wa, nínú ìrírí tèmi, iná àti dátà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó ṣe Windows gbà pé iná kì í lọ. Ẹni tó ń gbé Àdátán mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè dá update dúró fúnra yín: Pause wà níbẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ dá a dúró lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ wá mú ọjọ́ kan tí ọwọ́ dilẹ̀, tí ínfátà kún tàbí tí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín pè é wọlé. Ẹ ti ṣe ẹ̀dà fáìlì yín kí ọjọ́ náà tó dé, nítorí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, update Windows 10 kan pa fáìlì àwọn èèyàn kan rẹ́ kúrò nínú Documents wọn, tí Microsoft fi sáré dá a dúró lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó ní ẹ̀dà lórí fíláàṣì rẹ́rìn-ín. Ní ti dátà, bó bá jẹ́ hótísípọ́ọ̀tì fóònù lẹ ń lò, ẹ sọ fún Windows pé íntánẹ́ẹ̀tì oníwọ̀n ni. Ó pè é ní Metered connection. Kò ní máa fa ẹrù ńlá lẹ́yìn yín mọ́. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí àfikún ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìpè àti dátà ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ yìí kò kéré.

Ẹ óò tún máa gbọ́ pé Windows 10 ti kú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró. Àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó kún ṣọ́ọ̀bù wa, púpọ̀ nínú wọn kò tó ohun tí Windows 11 ń béèrè: ó fẹ́ ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá sì jẹ́ Intel, ó fẹ́ ìran kẹjọ sókè. Àwọn ẹnjiníà kan ń fi tipátipá gbé e gun àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé update yóò máa dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows 10 lẹ ní, ọ̀nà wà láti gba àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Orúkọ rẹ̀ ni ESU. Bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tí ẹ sì gbà kó máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ lò ó kí ẹ fi ráyè kówó jọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Sápọ́n, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù màmá yẹn, ní Aké, ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ tó fi tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, ní èdè Yorùbá. Àmì abẹ́ lẹ́tà ti wà nínú ìwé Yorùbá láti ìgbà Àjàyí Crowther. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà kò mọ̀ wá, wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn èèyàn wa dọ́gbọ́n sí i: wọ́n ṣe fọ́ǹtì tó gba àyè àmì tí a kì í sábà lò, wọ́n ya ọ sí ojú àmì pọ́n-ùn, wọ́n ya ẹ sí ojú àmì yẹ́ẹ̀nì. Ilé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ ayálò ni. Tí fọ́ǹtì bá wà níbẹ̀, ojú rí Yorùbá. Tí kò bá sí, kọ̀ǹpútà á fi ohun tó wà nísàlẹ̀ hàn ọ́. Lónìí, gbogbo lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní nọ́ńbà tiwọn nínú àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé tí wọ́n ń pè ní Unicode. Times New Roman mọ̀ wọ́n, Arial mọ̀ wọ́n, kíbọọ̀dù Yorùbá sì wà nínú Windows fúnra rẹ̀, lábẹ́ Time & language, tí ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lé e lórí.

Mo béèrè lọ́wọ́ màmá pé ta ló tún ń lo fọ́ǹtì yẹn. Ó ronú, ó ní ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ òun rí wà ní Òkè-Ìléwó. A pè é. Ó ní ó wà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí òun kò tíì tà. Ó fi WhatsApp fi í ránṣẹ́. Kò tóbi tó àwòrán tí ẹ fi ń kí ara yín káàárọ̀. Mo fi í sínú àpótí Fonts. Ojú £m£ yí padà wàì, ó di ọmọ. Màmá pariwo, ó di orí rẹ̀ mú.

Mo ní kó má tíì dúpẹ́. A jókòó, a ní kí kọ̀ǹpútà wá àmì pọ́n-ùn káàkiri ìwé náà, kó fi ọ tòótọ́ rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ, lẹ́yìn náà ṣ, lẹ́yìn náà àwọn tó ní àmì ohùn lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà méjìdínlógún ni a ṣe é. Òun ló ń kà á sókè bí a ti ń lọ, nítorí òun ló gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Níbì kan ó dá mi dúró, ó ní, “Rárá, ọkọ́ ni, kì í ṣe ọkọ. Bàbá àgbẹ̀ ni.” Agogo mọ́kànlá ku díẹ̀ nígbà tí a parí rẹ̀. Ìwé ètò jáde ní òwúrọ̀ Jímọ̀, igba ẹ̀dà.

Nígbà tí mo tún yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, fíláàṣì kékeré kan wà lára kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fi okùn àdìrẹ so ó mọ́ ọn. Ó ní fọ́ǹtì wà níbẹ̀, gbogbo oríkì tí òun ti tẹ̀ láti ọdún 2009 wà níbẹ̀, ẹ̀dà kejì sì wà lọ́wọ́ ọmọ Òkè-Ìléwó.